Tùràrí Àǹtí Matilda àti Imú Bàbá Tíṣà

Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ nílé Àǹtí Matilda ní Ẹ̀sítéètì Gowon, kẹ́ ẹ tó rí ẹnu ọ̀nà lẹ ó ti gbọ́ òórùn. Mi ò sọ òórùn ọbẹ̀ o. Òórùn tùràrí ni. Ó ti wọ kọ́tìnnì, ó ti wọ tìmùtìmù àga, ó ti wọ abẹ́ híjáábù mi débi pé ọkọ mi kì í bi mí mọ́ pé níbo ni mo ti ń bọ̀. Ó ní imú òun ti sọ fún òun. Kó máa rojọ́ lọ jàre. Òórùn yẹn wà lára ohun tó ń gbé oúnjẹ sórí tábìlì ẹ̀.

Èmi ni Bàrákàt. Mo ní ṣọ́ọ̀bù híjáábù àti lọ́fíńdà lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù. Ilé wa àti ilé Àǹtí Matilda, ògiri kan ló wà láàárín wa. Òun ló ń ṣe tùràrí onígi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, èyí téèyàn ń tanná sí lórí kí ilé lè máa ta sánsán. Èmi ni mò ń tà á. Ọmọ Oǹdó ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, obìnrin gíga tó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbi tó ń lọ. Ọkọ ẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Àbújá. Òun náà ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí kó tó fi í sílẹ̀ nítorí tùràrí. Lọ́jọ́ tó fi í sílẹ̀, gbogbo ayé ló pariwo lé e lórí, ó kàn ní, "Ó ti parí nìyẹn."

Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan ná, á ti ní ó ti parí. Tó bá fẹ́ lọ bá àwọn tó ń bójú tó omi ẹ̀rọ ẹ̀sítéètì jà, kò tíì wọ bàtà, ó ti parí nìyẹn. Níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń bí mi nínú gan-an. Nígbà tó yá mo rí i pé nǹkan náà máa ń parí lóòótọ́, mo bá gbẹ́nu mi dákẹ́. Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀ dé.

Bàbá ẹ̀ la mọ̀ sí Bàbá Tíṣà. Olùkọ́ àgbà ni láyé ọjọ́un, gbogbo Oǹdó ló nà tán. Lọ́dún tó kọjá ni ìyàwó ẹ̀ kú, ìyẹn ìyá Àǹtí Matilda. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: tí wọ́n bá tẹ́ òkú sílẹ̀ káwọn èèyàn wá wò ó kẹ́yìn, tùràrí ni wọ́n máa ń tàn yí i ká. Àǹtí Matilda wá ní ìyá òun ò ní sùn nínú tùràrí ẹlẹ́yọ tí wọ́n rà lẹ́bàá títì. Ó kó èyí tó dáa jù nínú tiwa, olóòórùn òdòdó funfun. Ó gún wọn sínú agolo tí wọ́n kó yanrìn sí, ó sì tò wọ́n láti ibi orí ìyá ẹ̀ dé ibi ẹsẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Ó dùn, ó tún dunni. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Bàbá Tíṣà jókòó sí látàárọ̀ títí wọ́n fi gbé ìyàwó ẹ̀ jáde, ó ń mí òórùn yẹn símú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá dá gbé nínú ilé yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń rán an létí oògùn. Ó ṣubú ní bálùwẹ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn aládùúgbò ni wọ́n já ilẹ̀kùn wọlé bá a nílẹ̀. Bí Àǹtí Matilda ṣe gbọ́ báyìí, ó lọ gbé e wá sí Èkó. Ó ní, "Dádì ò tún dá gbé mọ́. Ó ti parí nìyẹn."

Bàbá bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò, a kí i káàbọ̀, inú ẹ̀ dùn, ó fi ọ̀pá ẹ̀ tẹlẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Ló bá dúró. Ó di fírémù ilẹ̀kùn mú.

"Matilda," ó ní. "Ta ló kú?"

Àǹtí Matilda rẹ́rìn-ín. "Dádì, kò sẹ́ni tó kú. Tùràrí mi ni. Iṣẹ́ mi ni."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú padà, ó bọ́ síta, ó lọ jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ilé.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Yàrá ẹ̀yìnkùlé tó ní ilẹ̀kùn tiẹ̀ ni Bàbá ń sùn, tílẹ̀ bá ti mọ́, á gbé àga síta. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ sí pálọ̀, kò ní wọlé. Wọ́n á gbé e wá bá a níta, á jẹ ẹnu méjì, ó tó. Tí wọ́n bá pè é wọlé, ó máa dé ẹnu ọ̀nà, á fa áńkáṣíìfù yọ, á fi bo imú, á tún béèrè pé ta ló kú. Kì í ṣe pé orí ẹ̀ ti dàrú. Orí ẹ̀ pé ju tèmi lọ. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó kú, ẹnu ẹ̀ kàn máa ń sọ ọ́ kó tó ráyè dá a dúró ni. Mo bi í lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Bàrákàt, tí mo bá ti gbọ́ òórùn yẹn, mo tún máa rí ìyàwó mi nílẹ̀ ni."

 Mo bá lọ sọ fún Àǹtí Matilda.

Àǹtí Matilda dáwọ́ títan tùràrí dúró nínú ilé. Ó fọ kọ́tìnnì, ó sá tìmùtìmù, ó ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀. Asán ni. Yàrá kan nínú ilé náà, ọjà wa ló kún inú ẹ̀ dé àjà. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a rì sínú òróró olóòórùn, tí a sá, tí a dì sí páálí, ẹ fẹ́ kó má ta sánsán ni? Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ṣòkòtò ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí ẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n jọ̀ọ́ rí i pé ó ń jẹun, torí pé oògùn yẹn le fún inú òfìfo.

Èmi náà ò jókòó lásán. Mo ní ká yí òórùn padà. A ṣe olóòórùn ọsàn. Bàbá fimú fà á lẹ́ẹ̀kan láti abẹ́ igi ẹ̀, ó ní, "Òkú yẹn náà ni. Ẹ kàn fún un lọ́sàn jẹ." Inú bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. A tún ṣe olóòórùn kọfí, ó ní ta ló ń se tíì fáwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn. Mo bá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, òórùn wo gan-an lẹ wá fẹ́?"

Ó wò mí. Ó ní, "Òórùn ilé wa."

"Báwo ni òórùn ilé yín ṣe rí, Bàbá?"

Ó mi orí. "O ò lè mọ̀ ọ́n."

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó pe Richard lórí fóònù níṣojú wa. Richard ni àbúrò Àǹtí Matilda, Ìgàndò ló ń gbé, òun àtìyàwó àtọmọ mẹ́rin nínú yàrá kan, ká tiẹ̀ ní Bàbá fẹ́ lọ síbẹ̀, ibo ni wọ́n fẹ́ gbé e sí? Bàbá sọ fún un pé, "Wá gbé mi lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé." Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí ọmọ ẹ̀. Ohùn ẹ̀ tutù. "Mi ò ní kó o fi iṣẹ́ ẹ sílẹ̀ o, Matilda. Iṣẹ́ tó dáa ni. Ìwọ jọ̀wọ́ mi, kí n máa lọ."

Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn. Ìfẹ́ tó fi sọ ọ́ yẹn ló pa Àǹtí Matilda.

Gbogbo wa la mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí Bàbá bá padà sínú ilé yẹn lóun nìkan, tó bá tún ṣubú, bóyá wọ́n á tètè já ilẹ̀kùn lọ́tẹ̀ yìí, bóyá wọn ò ní tètè já a. Richard náà pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi kó tùràrí yẹn dànù, kí Dádì lè dúró." Èmi gan-an, mo rò ó. Mo rò ó pé ká kó gbogbo ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù mi ò gba èèyàn méjì dúró, ká má tíì sọ ọjà, a ò sì tíì rí ibòmíì tá a lè gbà. Tí tùràrí bá kúrò nínú ilé yẹn, iṣẹ́ náà ti kú nìyẹn.

Àǹtí Matilda jókòó sórí àpótí ní kíṣìnnì, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀. Lójijì ló dìde.

"Dádì ò ní lọ," ó ní. "Iṣẹ́ mi ò sì ní kú. Ó ti parí nìyẹn."

Mo ní, "Àǹtí, kí ló parí? Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Ẹ rí i bí obìnrin yìí ṣe rí? Wáláhì, ó máa ń sú mi nígbà míì.

Ó gbé fóònù, ó pe Ìyá Oǹdó, ìyẹn Lucy, àbúrò Bàbá Tíṣà tó kéré jù, tóun náà ti darúgbó. Ó fi fóònù sórí sípíkà kí n lè gbọ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú ilé o. Nígbà tẹ́yin àti Dádì wà lọ́mọdé, kí ni wọ́n máa ń jó nílé yín?"

Ìyá Oǹdó ní, "Igi ni. Ṣé gáàsì wà nígbà yẹn ni?"

"Rárá, Ìyá, mo ní èyí tó ń ta sánsán."

"Hẹn-ẹn! O ò tètè sọ. Òjíá ni ìyá wa máa ń jó."

Àǹtí Matilda wojú mi, èmi náà wojú ẹ̀. Ó ní, "Ìyá, òjíá inú Bíbélì?"

"Òjíá inú igbó," ni Ìyá Oǹdó fi dá a lóhùn. "Oje igi ni, àbí kí ni wọ́n ń kọ́ yín níléèwé? Bàbá yín mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ bi í léèrè. Mo ní ẹ̀kọ lórí iná, mò ń bọ̀." Ló bá pa fóònù.

Àǹtí Matilda bú sẹ́rìn-ín. Látìgbà tó ti wà ní kékeré ló ti ń kọ ọ́ lórin Kérésì, wúrà, tùràrí àti òjíá. Ó mọ wúrà, tùràrí ló ń ṣe, ó wá rò pé ẹ̀yìn ràkúnmí lẹ́nìkẹta wọn wà, lọ́wọ́ àwọn amòye ìlà oòrùn. Kò mọ̀ pé lẹ́yìn oko bàbá ẹ̀ ló dúró sí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Mo ní kó wá lọ bi Bàbá. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní tó bá bi í, Bàbá á sọ pé kó má wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu.

Níbo lèèyàn ti ń rí oje igi rà ní Alímọ̀ṣọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn lẹ́kúlẹ́jà ni, àwọn tó ń ta egbò, èèpo igi àti oríṣìíríṣìí nǹkan gbígbẹ ní inú ọjà Ìkọ̀tún. Ìṣòro wá dé. Àǹtí Matilda wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá rí i níbẹ̀, wọ́n á ní ó ti ń lọ sílé olóògùn. Ó wọ gíláàsì dúdú. Èmi náà fa híjáábù mi wálẹ̀ dé ojú, torí àwọn èèyàn àdúgbò mi náà lẹ́nu. Àwa méjèèjì wá ń yọ́ lọ láàárín ọjà bí olè.

Bá a ṣe yà sí kọ̀rọ̀ ibẹ̀ báyìí, ta la ò rí! Màmá Ṣóbọ̀wálé, igbákejì alága ẹgbẹ́ àwọn ìyá fúnra wọn, wọ́n ń jáde bọ̀ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá dúdú lọ́wọ́. Wọ́n dúró. A dúró.

"Ẹ kú ọjà o, Màmá," ni Àǹtí Matilda wí.

"Ẹ kú ọjà o. Mo kàn ní kí n yà ra ata ni."

"Áà, àwa náà, ata la wá rà."

Ẹ dákun, ata ẹyọ kan ò sí ní gbogbo ibi tójú wa lè rí dé. Orí ọ̀bọ gbígbẹ ló wà lápá ọ̀tún, egbò ló wà lápá òsì. Màmá Ṣóbọ̀wálé ní ata ti wọ́n lóde òní. Àǹtí Matilda ní bẹ́ẹ̀ ni o, ó wọ́n gan-an. Wọ́n bá kọjá lọ. Àtọjọ́ yẹn, ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń bọ̀ fún ara wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ti di ìlọ́po méjì.

Ìyá tó ń tajà níbẹ̀ gbọ́ òjíá báyìí, ó rẹ́rìn-ín kọ́rọ́. "Ṣé tùràrí wúńdíá lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ìyẹn èyí tí wọ́n ní àwọn obìnrin fi ń fa ojú ọkùnrin mọ́ra. "Ọkọ ta lẹ ń wá nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Àǹtí Matilda ti fẹ́ sá. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Ìyá, a ti lọ́kọ. Bàbá la ń wá."

Ó gbé e jáde látinú àpò. Ó le, ó pọ́n bí oyin tó ti dì, èèpo igi ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àǹtí Matilda fi èékánná họ ọ́ díẹ̀, ó gbé e símú. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi la ti ń ṣe é, kí òórùn má bàa dé ọ̀dọ̀ Bàbá kó tó tó àsìkò. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, oje yẹn fojú wa rí màbo. Bá a ṣe ń ṣe tiwa tẹ́lẹ̀ ni pé ká ri igi bọ inú òróró, ká sá a, ó tán. A wá ní ká yọ́ oje náà, ká ri igi bọ inú ẹ̀. Bí Àǹtí Matilda ṣe ṣáná sí àkọ́kọ́ báyìí, fàà! Ó gbaná bí ògùṣọ̀. Etí híjáábù mi jóná, híjáábù tuntun! Mo pariwo, mo bú òjíá, mo bú Oǹdó, mo bú gbogbo igi inú igbó wọn. Àǹtí Matilda ń fomi pa iná lára mi, ó ń sọ pé, "Ó ti kù díẹ̀."

Mo ní, "Kí n jóná tán ló kù."

A tún lọ̀ ọ́ kúnná, a pò ó mọ́ sítáàṣì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ. Ìyẹn ò jó rárá, ó kàn ń wò wá. Ọjọ́ Sátidé ń sún mọ́lé. Mo ti ń wò ó pé ó tó gẹ́ẹ́. Àǹtí Matilda ní rárá, iná yẹn ń fẹ́ nǹkan tí yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀, kó má baà gbé gbogbo oje náà mì lẹ́ẹ̀kan. Ó rán mi lọ sí Ṣàṣá lọ ra èédú. Mo dé, ó ti bẹ káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi fún lẹ́búlẹ́bú pákó tó ń já bọ́ lẹ́nu ayùn. Ó gún èédú, ó kù ú, ó pò ó mọ́ lẹ́búlẹ́bú pákó àti òjíá lílọ̀, ó wá fi sítáàṣì díẹ̀ báyìí mú wọn mọ́ra. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ yí i mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kò gbọdọ̀ rí oòrùn, òjìji ni kó ti gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa sán. Ọwọ́ ẹ̀ dúdú bíi ti mẹkáníìkì. Títí dòní, ó ṣì dúdú bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó gbẹ, a tan ọ̀kan. Kò gbaná. Kò kú. Èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan kàn ń lọ sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Òórùn ẹ̀ dà bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lóko, pẹ̀lú adùn díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Mo ti ń ta lọ́fíńdà tipẹ́, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ara mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Àmọ́ ẹ̀rù kan ṣì ń bà mí.

"Àǹtí," mo ní, "tí Bàbá bá tún béèrè ẹni tó kú ńkọ́?"

"Kò ní béèrè."

"Tó bá béèrè ńkọ́?"

Ó ń ka àwọn igi tùràrí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kà wọ́n tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá rí i bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Furaidé, lẹ́yìn tí mo kírun dé, a kó gbogbo tùràrí olóòórùn òdòdó jáde gba ẹ̀yìnkùlé, a rọ wọ́n sí yàrá èmi àtọkọ mi. Ọkọ mi ní ṣé orí tùràrí lòun máa sùn ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, alẹ́ ọjọ́ kan kọ́ ló máa pa á. A fọ kọ́tìnnì, a fọ ilẹ̀, a fọ ògiri.

Àárọ̀ Sátidé, Richard gbé mọ́tò dé. Bàbá ti wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, ó ti dé fìlà, báàgì ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù. Ó ti múra àtilọ pátápátá. Wàhálà tó wá wà níbẹ̀ ni pé báwo la ṣe fẹ́ mú un wọlé? Ìyẹn tọwọ́ èmi wá. Mo ti gbé Bíbélì ẹ̀ kúrò nínú báàgì, mo gbé e sórí tábìlì pálọ̀. Ẹ máa wò ó, èmi ọmọ Ààfáà! Kí Ọlọ́run má bínú sí mi.

Bàbá fọwọ́ wá inú báàgì. "Bíbélì mi dà?"

"Ó wà ní pálọ̀, Bàbá," mo ní. "Ẹ ò jẹ́ wọlé lọ mú un kẹ́ ẹ sì dágbére fún Àǹtí."

Richard ní òun á bá a mú un. Mo tẹ ẹ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yé e.

Bàbá dìde. Ó mú ọ̀pá. Bó ṣe ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ló ti fa áńkáṣíìfù ẹ̀ yọ, ó fi bo imú. Àǹtí Matilda dúró láàárín pálọ̀, ọwọ́ ẹ̀ wà lẹ́yìn. Igi tùràrí kan ṣoṣo ló ń jó lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì. Bàbá gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ó gbé ìkejì. Ó dúró.

Mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. Mo di ojú mi.

Bàbá mú áńkáṣíìfù kúrò nímú. Ó fa òórùn náà símú, ó tún un fà. 

"Matilda," ó ní. "Ta ló bímọ?"

 Richard yọjú lẹ́yìn mi, ó ní, "Kí ni wọ́n wí?"

Àǹtí Matilda sún mọ́ ọn. "Dádì, kò sẹ́ni tó bímọ."

"Irọ́ lò ń pa." Bàbá ti ń rìn lọ. Ó gba àárín pálọ̀ kọjá, pálọ̀ tí kò tíì jókòó sí rí láti ìgbà tó ti dé. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá, ó wo orí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ilẹ̀. Ọmọ ló ń wá, wáláhì. Nígbà tó jáde, ojú ẹ̀ ti yí padà, ojú ọmọdé ló wà lára àgbàlagbà.

Ó jókòó sórí àga, láìsí pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Nígbàkígbà tí ìyá wa bá bímọ, wọ́n máa ń fi òjíá sórí ẹyin iná nínú àpáàdì, wọ́n á gbé e sí yàrá ìyá ìkókó, ó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kó tó kúrò ńbẹ̀. Tí mo bá ń bọ̀ láti iléèwé, ojú ọ̀nà ni màá ti gbọ́ òórùn yẹn. Màá sáré! Màá ti mọ̀ pé wọ́n ti bí òmíràn fún wa. Lucy ni mo sáré fún kẹ́yìn."

Ó nu ojú ẹ̀. A rò pé ó ti parí ọ̀rọ̀ ẹ̀.

"Nígbà tí ìyá ẹ bí ọ, Matilda, ìyá mi gbé òjíá wá láti oko. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ ohùn ìyá ẹ nínú yàrá, ó ń sín, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé, 'Mọ̀ọ́mi, ẹ fẹ́ fi èéfín lé ọmọ mi padà.' Èmi wà níta, mò ń fimú fa òórùn yìí. Òun ni mo kọ́kọ́ mọ̀ lára ẹ kí n tó rí ojú ẹ."

Àǹtí Matilda kì í sunkún. Nígbà tá a sin ìyá ẹ̀ pàápàá, òun ló ń rẹ gbogbo èèyàn lẹ́kún. Lọ́jọ́ yẹn ó kúnlẹ̀ sẹ́sẹ̀ bàbá ẹ̀, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́, ọwọ́ dúdú yẹn ń kó èédú bá ṣòkòtò funfun Bàbá. Èmi náà sunkún. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Richard, ẹni tí kì í mọ ìgbà téèyàn ń dákẹ́, rọra ní, "Dádì, ṣé ká máa lọ, kí ọ̀nà má bàa dí?"

Bàbá gbójú sókè, ó wò ó bí olùkọ́ ṣe ń wo ẹni tí kò gbọ́ ẹ̀kọ́ rárá.

"Lọ síbo? Wọn ò tíì sọ ọmọ lórúkọ, o ní kí n máa lọ?"

A kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Àmọ́ ó na ọwọ́, ó mú igi tùràrí kan lára àwọn tí kò tíì jó, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ìkókó. Ó wo àwòrán ìyàwó ẹ̀ tó wà lára ògiri. Kò tíì wò ó rí látìgbà tó ti wọ ilé yẹn.

"Ìyábọ̀," ó ní. "Ìyábọ̀ ni kẹ́ ẹ máa pè é."

Olóòórùn òdòdó tó wà ní yàrá wa, a tà á tán, a ò ṣe é mọ́; orúkọ Ìyábọ̀ ló wà lára páálí wa dòní, ẹni tó bá dé ṣọ́ọ̀bù mi tó ní tùràrí lòun fẹ́, màá ní, "Ìyábọ̀ ńkọ́?" Àmọ́ láàárọ̀ yẹn, Àǹtí Matilda ṣì ń sunkún, kò ráyè sọ gbólóhùn ẹ̀. Mo bá a sọ ọ́. Mo yíjú sí Richard, mo ní, "Lọ gbé báàgì Bàbá wọlé jàre. Ó ti parí nìyẹn."